Ìjókòó Kẹ̀kẹ́ fún Ẹni Tó Ń Jókòó Ṣánṣán: Èwo Ni Kí Ẹ Rà?

Ẹni tó bá ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere tí ọwọ́ rẹ̀ ga ju ìjókòó lọ, tó jókòó ṣánṣán bí ẹni jókòó sórí àpótí, ìdí rẹ̀ ló ń ru gbogbo ara fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ẹni tó tẹ̀ ba sórí kẹ̀kẹ́ eré ìje ti pín ẹrù ara rẹ̀ fún apá, ẹsẹ̀ àti ìdí, nítorí náà ìjókòó tẹ́ẹ́rẹ́ tó le gbagidi tó o. Ẹ gbé irú ìjókòó yẹn sórí Raleigh àtijọ́, sórí Phoenix tàbí sórí kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ tó ti Holland wá, kò ní pẹ́ tí ẹni tó ń gùn ún yóò fi máa dìde dúró lórí pẹ́dà kí ìdí lè sinmi. Kẹ̀kẹ́ tí a ń jókòó ṣánṣán gùn nìkan la ń bá wí níbí.

Kí a tó dárúkọ ìjókòó kankan, ẹ jẹ́ ká mú àṣìṣe kan kúrò nílẹ̀. Bí ènìyàn bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta ẹ̀yà kẹ̀kẹ́, àtàǹpàkò ló máa ń fi tẹ ìjókòó wò, èyí tó bá rọ̀ jù lọ ló sì máa gbé lọ sílé. Egungun méjì ló wà nísàlẹ̀ ìdí wa, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Orí wọn la ń jókòó lé. Àárín wọn ni ẹran rírọ̀ wà, ibẹ̀ ni iṣan ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ìmọ̀lára tó ń lọ sí ojú ara gbà kọjá. Bí ẹ bá fi ìka méjì tẹ òkèlè àmàlà, ẹ óò rí i pé èyí tó wà láàárín ìka méjèèjì á ru sókè. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìjókòó tó rọ̀ jù ń ṣe: egungun méjèèjì á rì wọlé, àárín á ru sókè, á wá máa tẹ ibi tí kò yẹ kí ohunkóhun tẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ á dùn mọ́ni. Tó bá tó ìdajì wákàtí, ojú ara á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ohun tí ara fẹ́ ni ìjókòó tó le tó láti gbé egungun méjèèjì ró, tó sì fẹ̀ tó kí ọ̀kankan nínú wọn má bàa yọ bọ́ sétí.

Ẹ wọn ìdí yín kí ẹ tó wọn ìjókòó

Fífẹ̀ ló ṣáájú, wíwọ̀n rẹ̀ kò sì ní ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ wá páálí tó ní ihò wẹẹrẹ nínú, irú èyí tí wọ́n fi ń di Indomie. Ẹ gé e kó tó ojú àga, kí ẹ tẹ́ ẹ sórí àpótí onígi tàbí àtẹ̀gùn oní-sìmẹ́ǹtì, ibi tí kò sí tìmùtìmù rárá. Ẹ wọ ṣòkòtò fẹ́lẹ́. Ẹ jókòó lé e, kí ẹ na ẹ̀yìn bí ẹ ṣe máa ń nà án lórí kẹ̀kẹ́, kí ẹ sì gbé ẹsẹ̀ lé bíríkì kan kí orúnkún lè ga díẹ̀ ju ìbàdí lọ. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di etí àpótí mú, kí ẹ fa ara yín mọ́lẹ̀ fún bí ìdajì ìṣẹ́jú. Nígbà tí ẹ bá dìde, kòtò kékeré méjì á ti wà lórí páálí. Bí wọn kò bá hàn, ẹ da ṣọ́ọ̀kì ní ìbúlẹ̀ kí ẹ rọra fi ra orí páálí: ibi tó rì kò ní gba ṣọ́ọ̀kì. Ẹ fàmì sí àárín kòtò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi rúlà wọn láti àmì dé àmì. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí ẹni tó bá jókòó wọ́ sápá kan á rí iye tí kì í ṣe tirẹ̀.

Láàárín 100 àti 150 mílímítà ni ti ọ̀pọ̀ àgbàlagbà máa ń bọ́ sí, ti obìnrin sì sábà máa ń fẹ̀ díẹ̀ ju ti ọkùnrin lọ. Ẹ má fi sísanra díwọ̀n rẹ̀ o. Ẹni ńlá lè ní 110, kí tẹ́ẹ́rẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní 145. Egungun kò mọ iye ẹran tó bò ó. Nígbà tí ẹ bá ti rí iye tiyín, ẹ fi 30 sí 40 kún un, torí pé iye tí wọ́n kọ sára páálí ìjókòó jẹ́ láti etí dé etí, etí náà sì ti dà sísàlẹ̀, egungun kò lè dúró níbẹ̀. Ẹni tó ní 125 á wá ìjókòó tó tó 155 sí 165. Ẹni tó ní 150 á wá 180 sí 190. Bí ẹ bá wà láàárín méjì, ẹ mú èyí tó fẹ̀ jù, níwọ̀n bí ẹ ti ń jókòó ṣánṣán.

Ṣùgbọ́n kí fífẹ̀ náà má di àṣejù. Ìjókòó tó bá fi púpọ̀ fẹ̀ ju egungun lọ máa ń gbá ẹ̀yìn itan nígbàkigbà tí ẹsẹ̀ bá ń lọ sílẹ̀. Itan á bó, ara á sì máa yọ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀ kó lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, títí ènìyàn yóò fi rí i pé imú ìjókòó lòun jókòó lé, ibi tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù lọ.

Lẹ́yìn fífẹ̀, ẹ bi ara yín léèrè ibi tí kẹ̀kẹ́ ń sùn. Ìta gbangba ni, àbí ọ̀dẹ̀dẹ̀? Ìbéèrè yìí nìkan lè yọ ìjókòó kan kúrò nínú ọ̀rọ̀ yín pátápátá. Ọ̀nà ń kọ́? Ọ̀dà tó dán ni, àbí ilẹ̀ pupa tó kún fún gọ́tà òjò? Kí ẹ sì wo irú òpó tó gbé ìjókòó yín dání, torí kì í ṣe gbogbo ìjókòó ló ń wọ gbogbo òpó. A óò dé ibẹ̀.

Fóòmù onísípíríǹgì

Èyí ló pọ̀ jù lọ lójà. Fóòmù tí wọ́n fi léda bò, ike líle nísàlẹ̀ rẹ̀, sípíríǹgì gbọọrọ méjì lẹ́yìn. Ó sábà máa ń fẹ̀ tó 200 sí 250 mílímítà. Ní Lọ́ńdọ̀nù, 15 sí 30 pọ́ùn lẹ máa rí i. Nílé, òun ló wà lórí ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ tó ti Yúróòpù dé. Fún ìrìn tí kò ju ìdajì wákàtí lọ, ó ṣe é gùn dáadáa, kì í sì í béèrè ìtọ́jú lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ kò ṣòro mọ̀. Léda á kọ́kọ́ ya níbi ìrán, òjò á gba ibẹ̀ wọlé, fóòmù á sì mu omi bíi kànìnkànìn. Ẹ lè nù ún lókè kó gbẹ fóú, kí ẹ jókòó lé e tán kí aṣọ yín wá rẹ. Ẹni tó ń rán síìtì ọkọ̀ lè bò ó ní tuntun láìná owó ńlá, bí ike abẹ́ rẹ̀ kò bá tíì là. Nítorí náà bí ẹ bá ń ra tòkunbọ̀, ẹ yí i dojú dé kí ẹ tó sanwó. Ẹ wò bóyá ike là níbi tí irin ti wọ inú rẹ̀. Ẹ wò bóyá sípíríǹgì méjèèjì ga dọ́gba. Ẹ wá fi ìkúùkù tẹ apá ọ̀tún, kí ẹ tẹ apá òsì: bí ọ̀kan bá rọ̀ ju èkejì lọ, ìbàdí yín á máa wọ́ sápá kan lójoojúmọ́, ẹ̀yìn ni yóò sì gba ìyà rẹ̀. Ìpatà díẹ̀ lára sípíríǹgì kò burú; èyí tó ti jẹ irin débi pé ó ń ṣí bí èèpo ni kí ẹ sá fún.

Ẹni tó ń wọ ìró tàbí agbádá gun kẹ̀kẹ́ ní láti ṣọ́ sípíríǹgì yìí, ó máa ń há aṣọ nígbà tí ìwọ̀n ara bá tẹ̀ ẹ́ pọ̀. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé rọ́bà ribiti ni wọ́n fi sí ipò sípíríǹgì. Wọn kì í há aṣọ, wọn kì í dípatà, wọn kì í sì í han. Bí owó bá dọ́gba, àwọn ni kí ẹ mú.

Jẹ́ẹ̀lì

Mo ya jẹ́ẹ̀lì sọ́tọ̀ torí pé méjì ni, àwọn ènìyàn sì ń pè wọ́n ní ọ̀kan. Èkíní ni ìbòrí jẹ́ẹ̀lì tí a ń fà bọ orí ìjókòó tó ti wà tẹ́lẹ̀. Ẹ má rà á. Ó ń yọ̀ sọ́tùn-ún sósì, ó ń mú ìjókòó fẹ̀ níbi tí kò yẹ, ohun tí a sì wí nípa òkèlè àmàlà lẹ́ẹ̀kan, òun gan-an ló ń ṣe.

Èkejì ni ìjókòó tí wọ́n fi jẹ́ẹ̀lì díẹ̀ há sáàárín fóòmù líle, lábẹ́ egungun méjèèjì nìkan. Selle Royal ti Ítálì ló gbajúmọ̀ jù nínú èyí. Bó bá ní kòtò tàbí ihò gígùn ní àárín, ó tún sàn jù, torí pé kò ní sí ohun tó ń tẹ ẹran rírọ̀. Ẹni tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kò ní mọ́dígáàdì kó rántí pé omi ẹrẹ̀ táyà ẹ̀yìn lè gba ihò náà wọlé. Owó rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 25 sí 50 pọ́ùn. Bí fóòmù rẹ̀ ṣe ń pẹ́ ló ń rì mọ́lẹ̀, ọjọ́ tí ẹ bá sì ń fọwọ́ kan ike líle lábẹ́ léda, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Kò sí àtúnṣe.

Awọ

Oníṣẹ́ awọ tó ń ṣe ìjánu àti ohun èlò ẹṣin ni John Boultbee Brooks nígbà tó dá ilé iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Birmingham ní 1866. Ní 1882 ló gba ìwé àṣẹ fún ìjókòó kẹ̀kẹ́. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é kò yí padà púpọ̀ láti ìgbà náà. Awọ màlúù kan ṣoṣo, tó nípọn tó nǹkan bí 5 mílímítà, ni wọ́n fi ìṣó kàn mọ́ irin níwájú àti lẹ́yìn, tí ó sì dá so rọ̀ láàárín bí ibùsùn oníokùn. Kò sí fóòmù, kò sí ike. Ibi tí egungun yín bá ń tẹ̀ lójoojúmọ́ á rì díẹ̀, ibi yòókù á dúró le. Lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún mélòó kan kìlómítà, ìjókòó náà á ti mọ ẹni tó ni ín. Mo gbà pé kò sí ìjókòó mìíràn tó bá ẹni tó ń jókòó ṣánṣán mu tó èyí, bó bá lè fún un ní ohun tó ń béèrè.

Ohun tó ń béèrè pọ̀ o. Àkọ́kọ́ ni sùúrù: ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́ á le bí pákó. Èkejì ni òjò. Awọ tó bá mu omi tí a sì jókòó lé e máa ń fà gùn, kò sì ní padà sípò. Bí òjò bá bá yín lọ́nà, ẹ fi ọ̀rá dì í. Bó bá ti rẹ, ẹ fi sí ibòji kó gbẹ fúnra rẹ̀, ẹ má sá a sóòrùn, ẹ má gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, kó má bàa gan kó sì sán. Ìpara tiwọn, Proofide, ni kí ẹ fi pa á, díẹ̀ díẹ̀, lókè àti nísàlẹ̀. Òróró ẹ̀pà tàbí òróró mìíràn láti ilé ìdáná á sọ awọ di jọ̀bọ̀tọ̀ láàárín oṣù díẹ̀.

Lábẹ́ imú rẹ̀ ni nọ́ọ̀tì kan wà tí a fi ń fa awọ le. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìjókòó awọ kú sí. Ènìyàn á rí i pé awọ rì díẹ̀, á fi sípánà fa á le yíyí méjì lẹ́ẹ̀kan náà, awọ á fà ya lára ìṣó. Bí awọ bá ti rì débi pé ẹ ń kan irin níwájú nìkan ni kí ẹ fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì yẹn, ìdámẹ́rin yíyí kan ṣoṣo, kí ẹ gùn ún fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó tún wò ó.

Nínú àwọn Brooks, B17 fẹ̀ tó nǹkan bí 170 mílímítà, kò ní sípíríǹgì; ó bá ẹni tí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ga dọ́gba pẹ̀lú ìjókòó mu, tó ń tẹ̀ síwájú díẹ̀. Ẹni tó ń jókòó ṣánṣán gan-an, B67 ni tirẹ̀: ó fẹ̀ tó nǹkan bí 205, ó ní sípíríǹgì méjì lẹ́yìn. B66 jẹ́ ìbejì rẹ̀, ṣùgbọ́n irin mẹ́rin ló wà lábẹ́ rẹ̀ dípò méjì, orí òpó òde òní, ìyẹn ìdè tó ti wà lára òpó fúnra rẹ̀, kò sì lè gbá a mú. B33 wà fún ẹni tó tóbi gan-an. Lábẹ́ ẹni tó fúyẹ́, sípíríǹgì rẹ̀ kò ní mira. Nǹkan bí 100 pọ́ùn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni kí ẹ fọkàn sí. Ẹ ṣọ́ra fún ayédèrú: ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ ike lẹ rí dípò ẹ̀yìn awọ, fóòmù tí wọ́n fi awọ fẹ́lẹ́ bò ni wọ́n ń tà fún yín.

Rọ́bà

Ní 2013 ni Brooks gbé Cambium jáde, rọ́bà tí wọ́n fi aṣọ tẹ́ lójú, tó dá so rọ̀ bíi ti awọ. Kò nílò ìpara, òjò kò rí i gbé ṣe, bó ṣe rí lọ́jọ́ tí ẹ rà á ló máa rí lọ. Èyí túmọ̀ sí pé kò ní kọ́ ìdí yín bíi ti awọ: bí kò bá bá yín mu lọ́sẹ̀ kìíní, kò ní bá yín mu láé. C19, tó fẹ̀ tó 184 mílímítà, ni kí ẹ wò. C17 tẹ́ẹ́rẹ́ jù fún ọ̀pọ̀ ẹni tó ń jókòó ṣánṣán. Owó rẹ̀ kò jìnnà sí ti awọ. Fún ìlú tí òjò ti ń rọ̀ nígbàkigbà, tí kẹ̀kẹ́ sì ń sùn níta, owó náà kò ṣòfò.

Ìjókòó aláìnímú

Kò ní imú rárá, pèpéle ìjókòó méjì péré. NIOSH, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí ìlera lẹ́nu iṣẹ́, fún 90 ọlọ́pàá tó ń fi kẹ̀kẹ́ ṣọ́ ìlú ní irú rẹ̀ lò fún oṣù mẹ́fà. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2008, ojú ara ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn kò sì kú mọ́. Nítorí náà, ẹni tí èyí ń ṣe kó má tijú gbìyànjú rẹ̀. Ohun tó ṣòro níbẹ̀ ni pé imú ìjókòó la máa ń fi itan gbá mú nígbà tí a bá ń yí kọ́nà. Láìsí i, ọwọ́ nìkan ló kù láti darí kẹ̀kẹ́, ó sì máa ń gba ọjọ́ mélòó kan kó tó mọ́ni lára. Lójú ọ̀nà oníkòtò tó kún fún ọ̀kadà, èmi kò ní fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kẹ̀kẹ́.

Dídè é

Ìjókòó tó dára tí a kò dè dáadáa á dà bí èyí tí kò dára. Kí ẹ tó tú ti àtijọ́, ẹ fi téèpù wọn láti orí rẹ̀ dé pẹ́dà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, torí pé onísípíríǹgì sábà máa ń ga ju ti fóòmù lásán lọ, bí ẹ bá sì fi òpó sílẹ̀ bó ṣe wà, ẹsẹ̀ yín á kúrú. Gíga tó tọ́ rọrùn láti mọ̀: ẹ gbé gìgísẹ̀ lé pẹ́dà nísàlẹ̀, orúnkún gbọ́dọ̀ nà tán láìsí pé ìbàdí wọ́. Bí ẹ bá fa òpó sókè, ẹ má kọjá àmì tó wà lára rẹ̀. Bí àmì náà bá ti pa rẹ́, ẹ jẹ́ kí ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 7 wà nínú irin kẹ̀kẹ́.

Kẹ̀kẹ́ àtijọ́ ń lo ìdè onínọ́ọ̀tì méjì, irin tó gbá ìjókòó mọ́ òpó, sípánà 13 tàbí 14 ló ń tú u. Eyín wẹẹrẹ wà nínú ìdè náà, eyín ọ̀tún á há sínú eyín òsì. Ẹ tú nọ́ọ̀tì méjèèjì dáadáa kí ẹ tó yí ìjókòó sókè tàbí sílẹ̀. Ẹni tó bá fi agbára yí i nígbà tí nọ́ọ̀tì ṣì fún díẹ̀ á fi eyín lọ eyín. Láti ọjọ́ náà ni imú ìjókòó á ti máa wálẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbàkigbà tí kẹ̀kẹ́ bá bọ́ sí kòtò, fífún un le kò sì ní yanjú rẹ̀: ìdè tuntun ni kí ẹ rà, kò wọ́n. Ẹ máa fún nọ́ọ̀tì méjèèjì le ní ìdọ́gba, díẹ̀ lọ́tùn-ún, díẹ̀ lósì, kí ẹ sì tún wọn fún lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta.

Kí ìjókòó tẹ́jú pẹrẹsẹ ni ìbẹ̀rẹ̀. Ti awọ nìkan ni kí imú rẹ̀ yọ sókè díẹ̀, torí pé àárín rẹ̀ máa rì. Bí ọrùn ọwọ́ àti èjìká bá ń dùn yín, imú ti wálẹ̀ jù, ẹ ń yọ̀ síwájú ni ẹ ṣe ń fi ọwọ́ ti ara yín padà. Bí ojú ara bá ń kú, imú ti ga jù, tàbí kí gbogbo ìjókòó ga jù. Ohun kan ni kí ẹ yí lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ gùn ún fún ọjọ́ méjì kí ẹ tó yí òmíràn.

Ta ni kó mú èwo

Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sọ́jà tàbí sọ́fíìsì, tí ìrìn rẹ̀ kò ju ìdajì wákàtí lọ, tí owó sì ká lọ́wọ́ kò: fóòmù onírọ́bà ribiti, tàbí onísípíríǹgì tí ẹ ti yẹ abẹ́ rẹ̀ wò. Bí ọ̀nà bá burú, kí ó fi owó tó kù ra òpó tó ní sípíríǹgì nínú, níwọ̀n bí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bá ń gba òpó òde òní. Kó wọn bí òpó náà ṣe sanra, 27.2 mílímítà wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kékeré báyìí kò ní jẹ́ kó wọlé tàbí kó dúró.

Ẹni tó ń gùn ún ní wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́, tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń sùn sínú ilé, tó sì lè ní sùúrù oṣù kan: B67. Bó bá ń sùn síta: C19, kò sí àríyànjiyàn nínú ìyẹn. Ẹni tó ní Raleigh àtijọ́ tí òpó rẹ̀ kò ní orí lè ra B66 tàbí B67, bí ìdè onínọ́ọ̀tì méjì rẹ̀ bá ti bá iye irin abẹ́ ìjókòó mu.

Ẹni tó ṣì ń wá ohun tó bá a mu, tí kò fẹ́ náwó púpọ̀ kó tó mọ̀: fóòmù líle tó ní jẹ́ẹ̀lì lábẹ́ egungun àti kòtò láàárín, ní ìwọ̀n tó bá ohun tó rí lórí páálí tó jókòó lé mu. Ẹni tó ti wọn ara rẹ̀, tó ti ra ìwọ̀n tó tọ́, tó ti tún dídè rẹ̀ ṣe, tí ojú ara rẹ̀ sì ṣì ń kú: aláìnímú ni kó kàn. Bí ìyẹn náà kò bá tán an lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kó dá kẹ̀kẹ́ dúró, kó lọ rí dókítà.